Àpótí Irin, Àpò Kanfáàsì, Àpótí Pákó tàbí Róbà Ọ̀dà: Èwo ni Kí A Fi Kó Irinṣẹ́ Ọkọ̀ Àtijọ́ Rìnrìn-àjò?

Ohun mẹ́rin ni mo sábà máa ń bá nínú búùtù àwa tí a ṣì ń wa ọkọ̀ àtijọ́ káàkiri Abẹ́òkúta: àpótí irin tí a fi ọ̀dà pupa kùn, àpò kanfáàsì tí a máa ń ká bí ẹní, àpótí pákó tí káfíńtà kàn, àti róbà ọ̀dà tí wọ́n ti lo ohun inú rẹ̀ tán. Mo ti lo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yálà nínú Peugeot 504 tèmi tàbí nínú Volkswagen Ìjàpá ẹ̀gbọ́n mi, èyí tí àwa méjèèjì jọ máa ń gbé lọ sí Ìbàdàn, Ṣágámù àti Ayétòrò. Kò sí èyí tí kò ní ibi tí ó dára sí, ṣùgbọ́n wọn kò dọ́gba rárá, èyí tí ó sì bá 504 mu lè di ewu nínú Ìjàpá. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó bi mí pé èwo ni kí òun rà, èmi náà a kọ́kọ́ bi í pé: bí ọkọ̀ rẹ bá kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nínú òjò, ṣé ohun tí o nílò yóò tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ láìjẹ́ pé o kó gbogbo ẹrù sílẹ̀, ṣé yóò sì ṣì dára nígbà tí ó bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́?

Ọ̀nà Ìbàdàn ni ó kọ́ mi ní ìbéèrè yìí. A ti kọjá Ọ̀dẹdá ní òwúrọ̀ Sátidé kan ní àsìkò òjò, nígbà tí iná pupa dáínámò tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù Ìjàpá, tí a sì gbọ́ tí nǹkan na ara irin lẹ́yìn wa, pàá. Fáànù bẹ́líìtì ni ó já. Ẹni tí kò bá mọ Ìjàpá lè rò pé ọ̀rọ̀ bátìrì lásán ni, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní omi, kò sì ní rádíétọ̀. Atẹ́gùn ni ó ń tù ú, fáànù tí ó ń fẹ́ atẹ́gùn náà sì wà lórí ọ̀pá kan náà pẹ̀lú dáínámò tí bẹ́líìtì ń yí. Ẹni tí ó bá ní òun yóò rọra wà á dé abúlé tí ó kàn yóò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì nọ́kù. A páàkì lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ tí ó kù kò pọ̀: sípánà tí a fi ń tú púlọ́ọ̀gì, nọ́ńbà 21, náà ni ó bá nọ́ọ̀tì orí púlì dáínámò mu, sukudiráfà ni a ó sì fi há púlì náà kí ó má baà máa yí. A ní sípánà, a ní sukudiráfà, a sì ní bẹ́líìtì tuntun.

Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ àpótí irin ni gbogbo wọn wà, lábẹ́ òòlù, jáàkì kékeré àti ìdì wáyà kan tí kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà fún. Àpótí náà fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ àpò gààrí àti kúlà ní búùtù iwájú. Nígbà tí a fi máa kó ẹrù tán, òjò ti pa wá dé awọ. Bẹ́líìtì tí a wá yọ jáde, wáyà ni wọ́n fi dì í, wọ́n sì ti ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́ta, kí á má sọ ti epo ẹ́ńjìnnì tí ó ti jò láti inú agolo kan sí i lórí. Ó ti wú, ó sì ti sán ní ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e sókè, ó wò ó títí, ó ní, "Àbúrò, a ní bẹ́líìtì, a ò sì ní bẹ́líìtì." Ọ̀kadà ni mo gùn padà sí Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta láti lọ wá òmíràn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ohun ìkẹ́rù kan wé èkejì.

Àpótí irin

Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń rà, mi ò sì bá wọn jà. Ó lágbára, ó ní kọ́kọ́rọ́, èyí tí ó bá sì ní àtẹ alájà mẹ́ta tàbí márùn-ún máa ń jẹ́ kí sukudiráfà wà lókè, kí òòlù wà nísàlẹ̀. Inú gáréèjì ni ó ti dára jù. Tí ó bá di ojú ọ̀nà, àléébù mẹ́ta ni ó ní. Èkíní ni ariwo: bí ọkọ̀ bá wọ kòtò, irin yóò máa na irin ní gbàgà-gbògo, awakọ̀ kò sì ní mọ èyí tí í ṣe ariwo àpótí àti èyí tí í ṣe bóòtù ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí ó ń tú. Mo ti wa 504 mi lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lẹ́ẹ̀mejì nítorí ariwo tí ó jẹ́ ti àpótí. Èkejì ni ìwọ̀n rẹ̀. Tèmi, nígbà tí mo gbé e lé òṣùwọ̀n, jẹ́ kílò 17, ohun tí ó sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí a kò dè mọ́lẹ̀ yóò fò síwájú bí a bá já lu bíréèkì lójijì.

Ẹ̀kẹta ni ìpẹtà. Irin a máa tutù lóru, nígbà tí atẹ́gùn ọ̀rinrin bá sì wọ inú àpótí, omi yóò sẹ̀ sára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń sẹ̀ sára ìgò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde láti inú fíríìjì. Ẹni tí àpótí rẹ̀ bá wà nínú búùtù láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá yóò rí àwọ̀ pupa yẹn lára sípánà rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé mẹ́rin tàbí márùn-ún tí a fi sí igun àpótí máa ń fa ọ̀rinrin náà mu, tí a bá sì ń sá wọn sí oòrùn lóòrèkóòrè, wọn yóò pẹ́. Àwọn àgbà mẹkáníìkì a tún máa fi gírísì pa sípánà fẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n tó wé e sínú ìwé ìròyìn.

Nínú 504, gbogbo àléébù wọ̀nyí ṣe é fara mọ́. Búùtù rẹ̀ jìn, àyè sì wà ní igun lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn tí a lè ti àpótí sí, kí a fi tíúbù táyà tí àwọn ọlọ́kadà fi ń de ẹrù dè é pinpin. Táyà àfipamọ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ búùtù, láti ìta, nítorí náà bí táyà bá jò, ẹ kò ní láti gbé àpótí kúrò níbi tí ó wà. Kò yani lẹ́nu pé ọkọ̀ yìí, tí ó jáde ní 1968, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, di ọkọ̀ tí àwọn onímọ́tò wa fi ń ná ọjà láti ìlú dé ìlú. Ilé ẹrù ni ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìjàpá kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú rẹ̀ kí ẹ wò ó dáadáa. Nínú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ, táyà àfipamọ́ dúró ní òró ní imú ọkọ̀, táǹkì epo bẹntiróòlù sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì tín-ínrín tàbí pátákó fẹ́lẹ́ ni ó bo táǹkì náà, bí ó bá tilẹ̀ ṣì kù. Bí àpótí irin bá jókòó lé e lórí, igun àpótí yóò máa họ ọ̀dà táǹkì ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá gbọ̀n, ìpẹtà yóò sì gba ibẹ̀ wọlé. Òótọ́ ni pé ẹrù díẹ̀ níwájú máa ń ran Ìjàpá lọ́wọ́, nítorí pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ sì máa ń ti imú rẹ̀ tí ó fúyẹ́ kiri. Ṣùgbọ́n ẹrù tí ó rọ̀ ni kí ó jẹ́.

Àwọn kan yóò ní ẹ jẹ́ kí á gbé e sí abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn nígbà náà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ní apá ọ̀tún, ni bátìrì Ìjàpá wà. Kódà láìsí irinṣẹ́ kankan níbẹ̀, sípíríǹgì ìjókòó fúnra rẹ̀ lè kan orí bátìrì bí ẹni tí ó sanra bá jókòó lé e tí ohun tí a fi bo bátìrì kò sí níbẹ̀ mọ́, iná yóò sì ràn mọ́ fóòmù. Ní ọgbà mẹkáníìkì kan ní Láfẹ́nwá, bàbá tí ń ṣe Ìjàpá wa gbé ìjókòó ọkọ̀ kan sókè láti fi hàn mí: àmì dúdú róbótó kan wà lára ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó tó àtẹ́lẹwọ́, sípánà nọ́ńbà 13 kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí orí rẹ̀ ti yọ́ bí àbẹ́là. Mo ní, "Bàbá, ṣé sípánà yìí náà ló fà á?" Wọ́n ní, "Òun náà mà ni. Ẹ máa rántí ẹ o."

Àpò kanfáàsì

Èyí ni mo yàn láàyò, kí n má tan yín. Ẹ lọ bá àwọn tí ń rán ìjókòó mọ́tò, kí ẹ ní kí wọ́n fi kanfáàsì tàbí tapólì tí ó nípọn rán an bí ẹní kékeré tí ó ní àpò tóóró-tóóró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n fi ìbòrí sí i lókè tí a ó ṣẹ́ wálẹ̀ kí sípánà má baà yọ́ jáde, kí wọ́n sì fi ọ̀já méjì sí i fún dídì. Tèmi ní àpò 18. Nígbà tí a bá tú u sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, gbogbo irinṣẹ́ hàn ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tí iṣẹ́ bá sì parí, àpò tí ó ṣófo ni yóò sọ fún yín pé ẹ ti gbàgbé sípánà kan sórí ẹ́ńjìnnì. Àpótí irin kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kì í pariwo. Ó máa ń tẹ̀ lé ibi tí a bá tì í sí, nítorí náà ó rọrùn láti fi sínú ihò àárín táyà àfipamọ́ Ìjàpá tí ó dúró ní òró níwájú. Èrò yìí kì í ṣe tuntun: ní Jámánì láàárín àwọn ọdún 1950, ilé iṣẹ́ Hazet ṣe àpótí irinṣẹ́ róbótó kan tí ó wọ inú táyà àfipamọ́ Ìjàpá géérégé, àwọn tí ń kó ohun àtijọ́ jọ sì ń fi owó ńlá wá a kiri títí di òní. Àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà: Ìjàpá tí wọ́n ń pè ní 1302 àti 1303, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láti 1970, dá táyà àfipamọ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹrù ni. Ẹni tí ó bá ní irú rẹ̀, ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀ ni kí ó fi àpò rẹ̀ sí, nítorí bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò kó ẹrù jáde kí ó tó rí sípánà.

Àléébù àpò kanfáàsì ni pé ó ń mu omi, ó sì ń mu epo. Àpò tí epo bẹntiróòlù bá ti dà sí kò yẹ kí ó tún wọ ọkọ̀ títí tí ẹ ó fi fọ̀ ọ́ tí ẹ ó sì sá a gbẹ. Kò lè gba òòlù, kò lè gba jáàkì, bẹ́ẹ̀ ni kò dáàbò bo ohun tí ó lè fọ́. Ìyàwó mi dábàá pé kí á fi àlòkù àdìrẹ Ìtòkú rán an kí ó lè lẹ́wà, a sì gbìyànjú rẹ̀. Orí sípánà gún un ya láàárín oṣù kan. Àwọn ègé rẹ̀ tí ó kù ṣì wúlò, nítorí pé òun ni mo fi ń wé púlọ́ọ̀gì àti gílóòbù kí wọ́n má baà máa kan ara wọn.

Ọ̀rọ̀ pàtàkì kan kù fún àwọn tí wọ́n ní ju ọkọ̀ àtijọ́ kan lọ. Ìjàpá àti 504, mìlímítà ni nọ́ọ̀tì wọn. Morris Minor àti àwọn ọkọ̀ ìlú Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, íǹṣì ni tiwọn. Ìlàjì íǹṣì jẹ́ mìlímítà 12.7, nítorí náà sípánà nọ́ńbà 13 yóò wọ̀ ọ́, yóò sì dà bíi pé ó bá a mu, títí tí nọ́ọ̀tì náà yóò fi takú, tí sípánà yóò yọ̀, tí igun nọ́ọ̀tì yóò sì jẹ dànù. Àpò méjì ni kí ẹ rán, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọ̀ wọn yàtọ̀. Ẹni tí ó bá da méjèèjì pọ̀ sínú àpótí kan yóò máa dán sípánà wò lọ́kọ̀ọ̀kan lójú títì.

Àpótí pákó

N kò ní pẹ́ lórí èyí. Ó dára lójú, ó sì yẹ ọkọ̀ àtijọ́ bí ẹ bá ń gbé e lọ fi hàn níbi àríyá. Kì í pariwo tó irin. Ṣùgbọ́n ó máa ń wú nígbà òjò tí ọmọrí rẹ̀ kì í fi í ṣí, ikán sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ọkọ̀ bá pẹ́ lójú kan.

Róbà ọ̀dà

Àwọn ènìyàn máa ń fojú di í, ó sì wúlò ju bí wọ́n ti rò lọ. Omi kì í wọ inú èyí tí ọmọrí rẹ̀ bá ṣì le, kì í dípẹtà, kì í họ ọ̀dà ọkọ̀, tí ẹ bá sì da ohun inú rẹ̀ sílẹ̀, ó di àga tí ẹ ó jókòó lé láti tú táyà, ó sì tún di ohun tí ẹ ó fi pọn omi. Ọ̀rọ̀ omi yìí ni ó mú kí ó bá 504 mu ju Ìjàpá lọ. Bí họ́ọ̀sì rádíétọ̀ bá ń jò ní ọ̀nà Ayétòrò, níbi tí ilé ti jìnnà sí ilé, róbà àti kẹ́ẹ̀gì omi yóò gbé ọlọ́kọ̀ délé, nígbà tí Ìjàpá kò ní ohunkóhun í fi omi ṣe àfi gíláàsì tí ó ń fọ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tí ó bá kéré yóò rì sísàlẹ̀. Ẹ ó máa fi ọwọ́ wá fíyúùsì láàárín sípánà bí ẹni tí ń wá ẹran nínú ọbẹ̀. Nítorí náà, irinṣẹ́ kọ́ ni mo ń kó sínú rẹ̀ mọ́. Àwọn ike kéékèèké ọlọ́mọrí tí wọ́n fi ń di oúnjẹ ni mo ń tò sínú rẹ̀, inú wọn ni páàtì wà.

Páàtì kì í ṣe irinṣẹ́

Àṣìṣe tí a ṣe ní ọ̀nà Ìbàdàn nìyẹn gan-an: a kó ohun tí ó le àti ohun tí ó rọ̀ pọ̀. Sípánà lè fara da ìyà, ṣùgbọ́n páàtì róbà, ti bébà àti ti iná mànàmáná kò lè fara dà á. Bẹ́líìtì kò gbọdọ̀ ṣẹ́ po, kò gbọdọ̀ kan epo, oòrùn kò sì gbọdọ̀ máa pa á. Ká a ní òbìrí, fi í sínú ọ̀rá, kí o sì gbé e lé orí àwọn ohun yòókù. Ti Ìjàpá tún ní wọ́ṣà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàárín abala púlì méjèèjì, èyí tí a fi ń dín tàbí fi kún bí bẹ́líìtì ti le tó. Ẹ di díẹ̀ mọ́ bẹ́líìtì náà gan-an, nítorí bí ọ̀kan bá já bọ́ sínú koríko, ó ti lọ nìyẹn.

Gáskẹ́ẹ̀tì kàbúrétọ̀ àti ti ọmọrí fáàfù, àárín páálí méjì ni kí wọ́n sùn sí. Bí a bá ká wọn, wọn yóò ṣẹ́. Kọ́ńtáàtì àti kọ́ńdẹ́ńsà, àwọn tí ń bá púlọ́ọ̀gì dá iná, yẹ kí wọ́n jọ wà nínú ike kan náà pẹ̀lú sukudiráfà kékeré, nítorí pé a kì í tún ọ̀kan ṣe láìyẹ èkejì wò. Púlọ́ọ̀gì tuntun, ẹ fi sílẹ̀ nínú páálí tí ó bá wá. Tí ó bá já lulẹ̀, ẹ yẹ ẹnu rẹ̀ wò kí ẹ tó dè é. Fíyúùsì Ìjàpá jẹ́ oríṣi kan tí ó gùn ṣóńṣó, funfun ni ti áńpì 8, pupa ni ti áńpì 16, ẹ má sì ṣe fi bébà dídán inú páálí sìgá rọ́pò wọn nítorí pé rẹ́wáyà kan ṣe é lójú yín. Gílóòbù náà, ẹ kọ fóòtì rẹ̀ sára ọ̀rá, nítorí pé àwọn Ìjàpá tí ó dàgbà jù ń lo bátìrì fóòtì 6, gílóòbù fóòtì 6 tí a bá sì fi sí ara fóòtì 12 yóò jó láàárín ìṣẹ́jú àáyá.

Omi bíréèkì ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Agolo tí a ti ṣí máa ń fa ọ̀rinrin inú atẹ́gùn mu, omi tí ó ti mu ọ̀rinrin sì lè hó nígbà tí bíréèkì bá gbóná lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Agolo kékeré tí a kò ì tí ì ṣí ni kí ẹ gbé, kí ẹ sì dá a dúró sínú ike tirẹ̀, nítorí pé bí ó bá dà sára ọkọ̀, yóò bó ọ̀dà rẹ̀. Bẹntiróòlù inú kẹ́ẹ̀gì nínú ọkọ̀ tí a ti ti gíláàsì rẹ̀ kò sí nínú ìfiwéra yìí rárá. Kò sí ohun ìkẹ́rù tí ó dára fún un.

Èwo ni kí ẹ wá mú?

Bí Ìjàpá ni ẹ ní, àpò kanfáàsì kan àti ike ọlọ́mọrí méjì ti tó, kí àpò wà nínú táyà àfipamọ́ tàbí lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀, kí àwọn ike wà níwájú lórí aṣọ tí ó nípọn. Ẹ má ṣe fi bẹ́líìtì sí àyè tí ó wà lẹ́yìn ìjókòó ẹ̀yìn, nítorí pé ooru ẹ́ńjìnnì súnmọ́ ibẹ̀. Bí 504 tàbí Mercedes àtijọ́ ni, àpótí irin ṣe é gbé, bí ẹ bá ti dè é mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kí àpò kékeré kan tí ó ní sípánà márùn-ún, sukudiráfà àti púláyà wà lọ́tọ̀, nítorí pé mẹ́jọ nínú iṣẹ́ mẹ́wàá ojú ọ̀nà kò ju ìyẹn lọ nínú ìrírí tèmi. Ẹ fi róbà ọ̀dà kún un nítorí omi.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ohun ìpa-iná àti àmì onígun mẹ́ta kò gbọdọ̀ wà nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí pé ẹ̀ṣọ́ ojú pópó yóò béèrè wọn, iná Ìjàpá sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ara họ́ọ̀sì epo tí ó ti gbó lẹ́yìn, kò sì sí àyè láti máa tú ọ̀já nígbà náà. Abẹ́ ìjókòó iwájú ni tiwa wà.

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, bẹ́líìtì Ìjàpá tún já, lójú ọ̀nà Ṣágámù lẹ́yìn Ṣíun. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ àpò sílẹ̀, mo ká ọ̀rá kúrò lára bẹ́líìtì, kúlà kò sì kúrò níbi tí ó wà. Àpótí irin ṣì wà ní gáréèjì ẹ̀gbọ́n mi ní Pańṣẹ́kẹ́. Orí rẹ̀ ni ó máa ń jókòó sí bí ó bá ń tú táyà.